Àwa Tí À Ń Fi Èdè Jẹun

"Yorùbá lo lọ kà ní yunifásítì? Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè yìí ti sú ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ọdún 2013 ni Yorùbá dé orí Google Translate, lónìí iṣẹ́ sì ti ń yọjú lóríṣiríṣi: kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ ojú fóònù, kí a kàwé sétí ẹ̀rọ kí ó lè dá ohùn wa mọ̀, kí a yẹ ohun tí ẹ̀rọ túmọ̀ wò. Kọ́lá Túbọ̀sún, tó dá YorubaName.com sílẹ̀, ti ṣiṣẹ́ onímọ̀ èdè ní Google. Èdè ti ń bọ́ni.

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń jẹ. Ìbéèrè tiwa ni pé: ta là ń ṣiṣẹ́ fún gan-an? Ṣé ẹni tó ń sanwó ni, àbí àwọn tó ni èdè?

Gbogbo àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí la mọ irú alẹ́ kan. Ọgọ́rùn-ún gbólóhùn ló kù, NEPA ti mú iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ti fẹ́ kú. Gbólóhùn kan yọ: "Mo wọ ọkọ lọ sí Ìbàdàn." Ọkọ̀ ló yẹ kó jẹ́. A rí i. A tẹ "ó dára", a kọjá. Ta ló fẹ́ mú wa? Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá ní ọ́fíìsì tí iṣẹ́ ti wá. Bí èèyàn bá ta iṣu jíjẹrà lọ́jà, oníbàárà á rí i. Oníbàárà tiwa ò lè rí i.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún 19, Èṣù ni orúkọ tí wọ́n fún ọ̀tá Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀, òjíṣẹ́ ni, òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. A ò bú Crowther o. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ ká ní ìwé Yorùbá kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ilé ìwé, ó bá wa dé orí ẹ̀rọ. Èèyàn tẹ Èṣù sí Google Translate, "devil" ló jáde. Àwọn oníṣẹ̀ṣe pariwo títí. Ohun tí èèyàn kọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ kà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí a bá fọwọ́ sí lónìí. Ọmọ tó ń gbé ní Peckham, tó ń bi fóònù léèrè ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà rẹ̀ sọ, kò ní mọ̀ pé oorun ló ń kùn wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹlòmíì á ní, "Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà sanwó. Ẹni tó bá dúró bi àgbà léèrè ló pàdánù." Òótọ́ ni, ó sì ń dùn wá. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ka àkókò ìbéèrè mọ́ owó iṣẹ́ kí a tó gbà á. Ohun tí a ò bá mọ̀, ká kọ ọ́ pé a ò mọ̀ ọ́n. Èyí tí kò dára, ká dá a padà. A lè pàdánù iṣẹ́ kan tàbí méjì nítorí ẹ̀.

Bí ẹbí bá tún wá bi wá pé kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe, a fẹ́ fi jẹun ni, kó sì ṣẹ́kù fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.