Orí, Ẹsẹ̀ àti Básíkẹ́ẹ̀tì ní Yunifásítì

Lójú Yorùbá, orí nìkan kò tó láti gbé ènìyàn débi ire. Orí lẹ̀dá yàn lọ́run. Ẹsẹ̀ ní í gbé e dé ibi tí orí ń rè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, gíwá Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ láti 1982 sí 1989, ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé ẹsẹ̀ dúró fún ìgbìyànjú: ẹni tó yan orí rere tí kò lo ẹsẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ pàdánù ire rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ orí lẹ́kọ̀ọ́, kí ni ipò ẹsẹ̀? Ta ló sì ni èrè ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ eré í ṣe?

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti dáhùn apá kan ìbéèrè yìí kí yunifásítì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ làwọn òṣómàáàló fi ṣòwò. Wọ́n ń rin ìlú dé ìlú, wọ́n ń ta aṣọ láwìn, wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà, dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀. Nílùú tí òwò bẹ́ẹ̀ sọ di olówó, ta ni yóò sọ pé ẹsẹ̀ kò lọ́wọ́ nínú ìwé?

Inú ẹ̀sìn ni básíkẹ́ẹ̀tì, eré tí a fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ti jáde. James Naismith, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn Kristẹni, ló dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1891, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó jẹ́ ti YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni, ní Springfield, ní Massachusetts. Apẹ̀rẹ̀ èso méjì ló gbé kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ 18 ló sì kọ́kọ́ gbá a. Àmì YMCA jẹ́ onígun mẹ́ta: ara, ọkàn, ẹ̀mí, tí gbogbo wọn dọ́gba. Yorùbá kò pín in báyẹn. Orí lọ̀gá, ẹsẹ̀ ni ìránṣẹ́. Àmọ́ ọ̀gá tí kò ní ìránṣẹ́, ilé ni yóò jókòó sí.

Lórí ta ló ni èrè ẹsẹ̀, àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni Ivy League ní Amẹ́ríkà, yunifásítì mẹ́jọ tó fọwọ́ sí àdéhùn ní 1954. Wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí eré. Bí agbára òbí bá ṣe mọ ni ìrànlọ́wọ́ ṣe ń mọ. Miye Oni, ọmọ ìran Nàìjíríà, gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún Yale, ọ̀kan nínú wọn, lábẹ́ òfin yìí. Òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú líìgì náà ní 2019, ọdún kan náà tí wọ́n mú un wọ NBA. Láti 1995 títí di ìgbà náà, wọn kò mú ọmọ Ivy League kankan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní 2023, agbábọ́ọ̀lù méjì láti Brown, yunifásítì mìíràn nínú wọn, pe àwọn yunifásítì náà lẹ́jọ́: bí ẹsẹ̀ àwọn bá ń mú òkìkí wá, kí ló dé tí wọn kì í sanwó rẹ̀? Ilé ẹjọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2024. Ẹ̀sùn wọn kò ṣófo o. Ọ̀gá tó ń rán ìránṣẹ́ níṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ ọ.

Ní Nàìjíríà, owó kọ́ ni wàhálà, ìdánimọ̀ ni. Yunifásítì márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì, Ìbàdàn ló sì kọ́kọ́ gbà á lálejò ní 1966. Máàkì ni JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbàwọlé sí yunifásítì, ń wò, kì í wọn gíga ẹnikẹ́ni. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ní sáyẹ́ǹsì ní Òṣogbo, ó ní ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, òfin sì wà ní Ìfẹ́tẹ̀dó. Kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù irú yunifásítì bẹ́ẹ̀ tó pé sórí pápá, ọkọ̀ ní láti rìn. Ìdẹwò tó wà níbẹ̀ ni láti yá ẹsẹ̀ ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ lò. Irú ife-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ kò ní orí kankan tó ń ṣojú fún. Ìdí nìyẹn tí òfin NUGA fi sọ pé ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan kò gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún un.