Ẹni Tó Da Omi Síwájú

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ilẹ̀ erùpẹ̀ ni ẹni tó pa òwe yìí ń tẹ̀. Ká ní orí táìlì dídán ayé òde òní ló da omi ọ̀hún sí ni, ẹ̀yìn ni ì bá fi lélẹ̀. Síbẹ̀ òwe náà bá àwọn tó ń kọ́lé wí: ìgbà tí pẹ́ńsùlù ṣì wà lọ́wọ́ ayàwòrán ilé ló yẹ kí ọ̀rọ̀ táìlì ti wáyé, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá kan páànù tán.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìpẹru, láti Ìlíṣàn dé Ṣàgámù. Ayàwòrán á ya ilé, á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó di gbére. Bíríkìlà á mọ ilé, káfíńtà á kan òrùlé, wọ́n á rẹ́ ògiri. Ìgbà yẹn ni onílé yóò tó mú bíríkìlà dání lọ sí ìsọ̀ àwọn onítáìlì, yóò sì na ìka sí èyí tó bá dán lójú rẹ̀ jù. Ó parí. Kò sẹ́ni tó bi ayàwòrán, kò sì sẹ́ni tó bi ẹni tó ṣe táìlì, bẹ́ẹ̀ ẹni náà lè má jìnnà rárá. Ṣàgámù ni ilé iṣẹ́ CDK ti ń ṣe táìlì pọ́síléènì. Ní Ìgbẹ́sà, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà, Goodwill Ceramics ń ṣe tirẹ̀. Sìmẹ́ǹtì pàápàá, wọ́n ti ń ṣe é ní Ṣàgámù láti ọdún 1978. Ohun èlò wà nílé. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tí àìsọ̀rọ̀ yìí ń bà jẹ́ kì í ṣe kékeré. Fítì ni àwọn bíríkìlà wa ṣì fi ń wọn yàrá, méjìlá sí méjìlá sì ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá rẹ́ ògiri tán tí yàrá náà ṣì pé fítì méjìlá gẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 366. Ọ̀kan lára táìlì tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ 60 sí 60. Mẹ́fà rẹ̀ gba 360. Ẹ fi àlàfo tó wà láàárín wọn kún un, ohun tó ṣẹ́kù létí ògiri kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé odindi táìlì kí wọ́n lè rí pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn yọ, èyí tó kù lè di ìdọ̀tí, pẹlẹbẹ náà á sì tún fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bó bá tilẹ̀ jókòó, ojú ẹnu ọ̀nà gan-an ni wọ́n máa ń tì í sí, tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ká ní ayàwòrán ti mọ̀ ni, ì bá fi nǹkan bí ìka méjì dín yàrá náà kù. Kò sí ẹni tí yóò sùn níbẹ̀ tí yóò mọ̀ pé wọ́n dín in, táìlì mẹ́fà ì bá sì jókòó ní odindi. Ilé ìwẹ̀ tún le ju èyí lọ, nítorí ògiri, fèrèsé àti ẹnu omi ẹ̀rọ ló ń bá táìlì du àyè níbẹ̀. Ayàwòrán tó bá gbé ìsàlẹ̀ fèrèsé síbi tí ìlà táìlì parí sí ti gba bíríkìlà lọ́wọ́ gígé-gígé.

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Táìlì pọ́síléènì ń jẹ iná tó tó 1,200 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó jáde. Amọ̀ a sì máa sún kì nínú iná. Ìdí nìyẹn tí táìlì tí wọ́n sun lọ́sẹ̀ yìí fi lè fi díẹ̀ tóbi ju ti oṣù tó kọjá lọ, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n jù ú lọ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn tó ṣe é mọ èyí, òun ni wọ́n ṣe ń kọ nọ́ḿbà àwọ̀ àti ti ìwọ̀n sára páálí. Èèyàn mélòó ló ń kà á? Onílé tó ra páálí ogún lónìí, tó sì padà wá ra mẹ́wàá ní oṣù kẹta, yóò rí ìlà tó yàtọ̀ láàárín pálọ̀ rẹ̀ títí ayé. Àṣẹ ayàwòrán ló yẹ kó dá a dúró: ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ra àfikún ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún èyí tó máa fọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n ń rẹ táìlì sí. Àwọn ọ̀gá bíríkìlà wa kọ́ iṣẹ́ nígbà tó jẹ́ pé táìlì ògiri tó máa ń mumi ni gbogbo ayé ń lò. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí sìmẹ́ǹtì lè dì í mú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí pọ́síléènì ń mu kò tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ rẹ ẹ́ di ọ̀la, kò ní mu ún. Sìmẹ́ǹtì lásán kò rí ojú ihò tí yóò wọ̀, àfi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún táìlì. Ẹ fi èyí kún ti pé wọn kì í fi àyè sílẹ̀ létí ògiri kí ilẹ̀ lè mí nígbà oòrùn, ẹ ó mọ ìdí tí táìlì fi ń dédé gbé ara rẹ̀ sókè lọ́sàn-án gangan, tí yóò dún gbàù, tí àwọn ará ilé á ní ọwọ́ ayé ni. Ọwọ́ ayé kọ́. Ẹni tó ṣe táìlì ì bá ti sọ ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá bi í.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀ ọ̀hún náà, àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àgbàlá. Wọn kò tẹ́ ẹ gbalaja. Etí rẹ̀ ni wọ́n fi nà án ró, ìlà kan tẹ̀ sọ́tùn-ún, èkejì tẹ̀ sósì bí egungun ẹja, wọ́n sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun pààlà láàárín. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Lúwóò, obìnrin tó jẹ Ọ̀ọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀. Frank Willett bá irú ilẹ̀ yìí nígbà tó wú Ìta Yemòó ní ọdún 1957. Etí àpáàdì kì í dán, ó ń di ẹsẹ̀ mú, òjò sì ń rí ibi gbà lọ. Kò ṣeé ṣe kẹ́ni tó tò ó máà mọ iṣẹ́ amọ̀kòkò.

Nílùú òkèèrè, Jørn Utzon tó ya ilé eré etí omi ní Sydney kò lọ sọ́jà lọ ra táìlì. Òun àti ilé iṣẹ́ Höganäs ní Sweden jọ lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta lórí táìlì kan ṣoṣo, oníṣẹ̀ǹtímítà 12, kó lè tàn láì gún ojú. 1,056,006 ló bo òrùlé náà nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1973.

Dídán yẹn ni àwa ń ṣì lò. Nílé wa, táìlì tó ń tàn bíi dígí ni wọ́n ń tẹ́ sí fàráńdà, síbi tí òjò Agẹmọ ti ń fẹ́ wọlé, àti síbi àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí. Ìyá arúgbó ló ń san owó rẹ̀ ní ìbàdí. Ẹ jẹ́ kó máa tàn ní pálọ̀. Níbi tí omi bá dé, ẹ tẹ́ èyí tí ojú rẹ̀ ń ha ẹsẹ̀. Onílé kò ní fẹ́ ẹ, nítorí kì í dán nínú fọ́tò. Ayàwòrán ló yẹ kó fọwọ́ líle mú un.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní ta ni ilé iṣẹ́ ńlá fẹ́ dá lóhùn nítorí búńgálò kan. Òótọ́ ni. Ìléru wọn kì í kú, wọn kò sì ní dá a dúró nítorí àwọ̀ tí ìyàwó onílé fẹ́. Ilé ìtura, ọ̀wọ́ ilé fún títà, ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn, irú wọn ló lè béèrè táìlì tiwọn. Ti búńgálò kò le tó bẹ́ẹ̀: kí ayàwòrán béèrè èyí tí wọ́n ṣì máa ṣe títí ọdún yóò fi parí, kó mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an lẹ́yìn iná, kó mú ẹyọ kan wálé, kó gbé e sórí tábìlì tó ti ń ya ilé.