Òfin Ìgbàgbọ́ àti Oògùn

Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò jìnnà sí Àgọ́-Ìwòyè wa yìí, àdúrà àti omi òjò ni Sophia Ọdúnlámì ní kí wọ́n fi wo aláìsàn, kí wọ́n pa oògùn tì. Lẹ́yìn 1930, àwọn míṣọ́nnárì Apostolic tí àwọn bàbá Aládùúrà pè wá láti ìlú òyìnbó ń lo quinine sí ibà. Ó dìjà, ìjọ sì pín. (Quinine nìkan kọ́ ló fà á o, ọ̀rọ̀ ta ni ọ̀gá náà wà níbẹ̀.)

Dáfídì jẹ àkàrà ìfihàn tí í ṣe ti àlùfáà nìkan, Jésù kò dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní lo oògùn, kó san ẹ̀jẹ́ rẹ̀ lára ara rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí gìrì mú kò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ọsibítù lóru ọjọ́ náà.