Feitiço: Ọ̀rọ̀ Potogí Kan Lẹ́nu Wa

Bí ènìyàn bá gun òkè Adó-Àwáyé, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, yóò bá adágún kan lórí àpáta. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, kò sì sí ẹni tí ó pọnmi sí i. Láti ayébáyé ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń bọ òkè náà. Ẹni tí ó bá ń ṣáájú irú ìbọ bẹ́ẹ̀, àwòrò ni Yorùbá ń pè é. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì tiwa, “fetish priest” ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Feitiço ni wọ́n ń pe oògùn àti èèdì nílùú tiwọn, kí wọ́n tó tukọ̀ dé etíkun wa rárá. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, níbi tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ ohun tí a fọwọ́ ṣe. Nígbà tí wọ́n fi kọ́ ilé olódi wọn sí Elmina ní 1482, orúkọ ti wà nílẹ̀ fún ohunkóhun tí ènìyàn dúdú bá ń wárí fún. Àgbélébùú tí àwọn fúnra wọn so mọ́ ọrùn kò jẹ́ feitiço. Ní 1760, Charles de Brosses, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá sọ ọ́ di orúkọ odidi ẹ̀sìn.

Ta ni ó wá fọwọ́ ṣe òkè Adó? Ta ni ó mọ òkè Àsabàrí ní Ṣakí? Òótọ́ ni pé a ń gbẹ́ ère, a sì ń gún oògùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni agbẹ́gilére, ọ̀tọ̀ ni oníṣègùn, ọ̀tọ̀ ni àwòrò. Ẹni tí ó bá béèrè ni à bá sọ fún.

Ní 1867, Karl Marx ọmọ Jámánì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe pàṣán fún àwọn tí ó ni ín. Ó ní ọjà títà ni wọ́n sọ di irú nǹkan bẹ́ẹ̀: bí ọjà bá ti dé orí àtẹ, iye owó rẹ̀ nìkan ni à ń rí, a kò rí ọwọ́ tí ó ṣe é mọ́. Ẹni tí ó bá ti ra aṣọ òfì Ìsẹ́yìn ní Èkó, tí kò béèrè ẹni tí ó hun ún, yóò mọ ohun tí ó ń wí. (Ohun tí a fọwọ́ ṣe gan-an sì nìyẹn!)

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ náà ti gbó, pé ẹni tí ó ń lò ó kò gbèrò ibi. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè bú baba ẹlòmíràn láìbínú, kí èébú náà sì máa jẹ́ èébú. Èmi náà kọ ọ́ rí nínú àròkọ ilé ìwé, olùkọ́ sì yìn mí fún un. Mo mọ àwòrò ìlú wa nígbà náà, ó máa ń dá ìkíni mi padà ní àràárọ̀. Mo mọ ohun tí a ń pè é nílé. N kò kọ ọ́.