Orúkọ Oúnjẹ Nìkan Kò Tó

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwa tí a ń gbé Jakande Estate ní Ilasan kò jìnnà sí òkun, bẹ́ẹ̀ ni a kò jìnnà sí ọ̀sà. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn ni ó jọ ń gbé inú ilé kan. Bí ẹnì kan bá ń se ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ "hàrámù ni èyí" kò wọ́n lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni àṣẹ láti pín oúnjẹ? Nínú Súrà An-Nahl, ẹsẹ 116, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa fi ẹnu lásán pe nǹkan ní hàlálì tàbí hàrámù, nítorí irọ́ ni a ń pa mọ́ Ọn.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó ní ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni ohun tí ilẹ̀ ń hù. Isu, ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ ni a lè jẹ, àfi èyí tí ó jẹ́ májèlé tàbí tí ó ń pani bí ọtí. Ẹ wo igi ọ̀pẹ: hàlálì ni epo rẹ̀, ṣùgbọ́n emu rẹ̀ tí ó ti kan, tí ó ń pani, hàrámù ni, ìbáà ṣe ife kan. Igi kan, ìdájọ́ méjì.

Èkejì ni ohun inú omi. Súrà Al-Mā'ida, ẹsẹ 96, yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa. Ẹja kò nílò dúńbú. Mẹ́síhàbù Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, gba akàn láyè. Ti Imam Abu Hanifa kò gbà á. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ bú ẹni tí ó ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹran orí ilẹ̀. Hàrámù ni ẹlẹ́dẹ̀. Hàlálì ni ewúrẹ́, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá gbá a ní ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tí ó kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, ó ti di òkúǹbete, a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Bí ẹ̀mí bá ṣì wà nínú rẹ̀, tí a fi Bismillah dúńbú rẹ̀, ó tọ́ sí wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni pọ̀nmọ́: ìdájọ́ ẹran ni ìdájọ́ awọ rẹ̀.

Èyí ni ó fi hàn pé orúkọ oúnjẹ nìkan kò tó. Kí ni? Báwo ni a ṣe pa á? Owó wo ni a fi rà á? Ewúrẹ́ tí a jí kò di mímọ́ nítorí pé a dúńbú rẹ̀.

Bí ìdílé rẹ kì í bá jẹ òkété, má jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ilé bàbá rẹ kì í ṣe òfin Ọlọ́hun. Bí màmá Kìrìsìtẹ́nì ẹnu ọ̀nà kejì bá gbé abọ́ fún ọ, fi ọ̀wọ̀ bi í ohun tí ó wà níbẹ̀. Má ṣe dà á nù lójú rẹ̀. Ohun tí ó bá sì rú ọ lójú, fi í sílẹ̀, kí o bi àáfà léèrè.

Kí Ọlọ́hun fi hàlálì Rẹ̀ tó wa, kí Ó sì pa ahọ́n wa mọ́. Āmín.