Mẹ́rin Lẹ́ẹ̀kan

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ oògùn wọn. Èmi ni mo kàwé, èmi náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwé kíkà mi rán wọn sọ́run. Ó pẹ́ tí mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra, torí ojú ń tì mí. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́ síta, kí ẹlòmíràn má baà kó sí kòtò tí a kó sí.

Aṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí àìsàn awọ ara kan ti ń bá wọn fínra. Ìgúnpá ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé orúnkún, ó wá gba gbogbo awọ orí. Ojú ibẹ̀ á nípọn, á dúdú ju ara yòókù lọ, èépá funfun á máa bọ́ lórí rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Bí wọ́n bá ń na lésì han oníbàárà, èépá á já bọ́ sórí aṣọ. Àwọn kan ní làpálàpá ni, àwọn kan ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Àwọn oníbàárà míì á gbé owó sílẹ̀ lórí tábìlì kí ọwọ́ wọn má baà kan tẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ títí, wọ́n kun oríṣiríṣi ìpara, kò gbọ́.

Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ni a tó mọ orúkọ rẹ̀: psoriasis. Dókítà ní kì í ràn. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹnikẹ́ni kò sì fi ṣe wọ́n. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa gbèjà ara ló kọjú ìjà sí ara, ni awọ bá ń sáré hù. Ohun tó yẹ kó gba nǹkan bí oṣù kan, ọjọ́ mélòó kan ló fi ń ṣe é. Awọ tuntun ti dé, ti àtijọ́ kò tíì lọ, wọ́n wá ń gorí ara wọn. Nígbà tí ìpara kò ti ràn án, dókítà kọ oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ methotrexate.

Oògùn náà nítàn. Ní 1948, Sidney Farber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, l'Amẹ́ríkà, kéde pé aminopterin, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n methotrexate, mú kí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀ lára àwọn ọmọdé kan. Ní 1951, àwọn dókítà tó ń dán aminopterin wò fún oríkèé ríro rí i pé psoriasis náà ń mọ́ lára ẹni tó bá ní in. Ìwọ̀n methotrexate tí wọ́n ń lò fún awọ kéré jìnnà sí ti jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n oògùn kan náà ni. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí folic acid lọ́nà, ìyẹn èròjà inú ẹ̀fọ́ tí ohunkóhun tó bá ń yára hù lára kò lè ṣe aláìní. Kì í sì í ṣe awọ nìkan ló ń yára hù lára èèyàn. Ẹran inú ẹnu ń hù, ìfun ń hù, irun ń hù, mùdùnmúdùn inú egungun sì ń pọn ẹ̀jẹ̀ tuntun lójoojúmọ́. Ibi tí ìwòsàn ti ń wá yẹn náà ni ìpalára ti ń wá.

Àwọn baba wa kì í fúnni lóògùn láìsọ èèwọ̀ rẹ̀. Dókítà yìí náà sọ ọ́. Hóró mẹ́ta, 2.5 mílígíráàmù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yan ọjọ́ Àìkú, torí wọn kì í gbàgbé ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Folic acid tí a mọ̀ mọ́ aláboyún ni wọ́n á máa lò ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, kí ó lè dín ìpalára kù. Kí wọ́n jìnnà sí ọtí, nítorí ẹ̀dọ̀. Obìnrin tó bá lóyún tàbí tó ń retí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, torí ó ń ba ọlẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ní kòkòrò ààyè nínú, irú ti ibà pọ́njú, kí wọ́n má gbà á láìjẹ́ pé dókítà wọn mọ̀ sí i. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní ká máa padà wá fún àyẹ̀wò.

Oṣù àkọ́kọ́ le. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, èébì á máa gbé ẹ̀gbọ́n mi, ara wọn á wúwo bí ẹni tó ru igi ti oko dé. Wọ́n ní àwọn á jù ú nù. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká kọ́kọ́ sọ fún dókítà. Ohun tó sọ kò nira rárá. Kí wọ́n máa lò ó lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kí oorun lè gbé wọn kọjá ìrìndọ̀ náà. Kí wọ́n máa mu omi. Ní òwúrọ̀ Ajé, kí wọ́n jẹ ohun tó fúyẹ́, bíi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, kí wọ́n fi oúnjẹ olóròóró sílẹ̀ di ọ̀sán. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní bí èyí kò bá tó, òun ṣì lè yí hóró sí abẹ́rẹ́, torí náà kí wọ́n má ṣe dá a dúró fúnra wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ìrìndọ̀ ti rọlẹ̀. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀gbọ́n mi wọ bùbá ọlọ́wọ́ péńpé lọ sọ́jà. N kò rí ìgúnpá wọn níta láti ọdún pípẹ́.

Ìgbà tí nǹkan ń dáa yẹn gan-an ni àṣìṣe dé. Lọ́jọ́ tí a lọ rí dókítà kẹ́yìn, ó ní kí wọ́n fi hóró kan kún un, kó di mẹ́rin. Oògùn tán nílé, èmi ni mo lọ rà á. Ilé ìtajà oògùn tí a ti ń rà á tẹ́lẹ̀ ti tì, mo bá yà sí òmíràn. Ọmọ tó ń tajà da hóró sínú àpò ìwé kékeré méjì. Ó kọ “1 x 1” sára ti folic acid, ó kọ “4 x 1” sára èkejì. Hóró méjèèjì ló pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè, méjèèjì ló kéré. Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, èmi náà kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo délé, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wo àpò náà, wọ́n ní, “Tíṣà, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ni. Mẹ́rin lálaalẹ́.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan ni?”

“Dókítà ṣáà ní òun fi kún un. Ó ní láti jẹ́ pé bó ṣe fi kún un nìyẹn.”

Wọ́n ní, “Ìwọ lo kàwé.” Wọ́n sì gbà. Gbólóhùn yẹn kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa dòní.

Nígbà tó fi di alẹ́ kẹrin, ata ń ta wọ́n lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹfà, egbò funfun ti bo ètè àti abẹ́ ahọ́n, omi tútù nìkan ló ń lọ. A ní ibà inú ló yọ sí ẹnu. Aládùúgbò kan ní Septrin ló ń pa irú rẹ̀, èmi náà ni mo tún sáré lọ rà á. N kò mọ̀ pé Septrin pẹ̀lú ń dí folic acid lọ́nà, pé epo ni mo ń bù sí iná. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ara wọn gbóná bí ààrò, irọ̀rí wọn sì kún fún ẹ̀jẹ̀ tó ti eyín wá.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà tó gbà wá ní kí n da gbogbo oògùn tí mo kó wá láti ilé sórí tábìlì. Ó ka hóró tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbójú sókè. “Alẹ́ mélòó ni wọ́n ti fi lò ó?” Mo ní mẹ́jọ. Oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 80 mílígíráàmù, ni ẹ̀gbọ́n mi ti lò ní alẹ́ mẹ́jọ, látọwọ́ mi. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ẹ̀ṣọ́ funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọ́n gún wọn ní folinic acid, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ̀ methotrexate, wọ́n fa oògùn apakòkòrò sí wọn lára, wọ́n fún wọn lẹ́jẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi sùn sórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀bá wọ́ọ̀dù, kí Ọlọ́run tó jẹ́ kí a jọ padà délé.

Irú èyí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2020, MHRA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún kìlọ̀ nítorí àwọn tó ń kú torí pé wọ́n sọ oògùn ọ̀sẹ̀ di oògùn ojúmọ́. Àjọ náà ní kí dókítà àti aláìsàn jọ yan ọjọ́ kan, kí wọ́n sì kọ orúkọ ọjọ́ náà sílẹ̀ ní kíkún. Bí mo ti gbọ́ èyí ni mo ronú kan “4 x 1”. Bí ó bá ṣe “ọjọ́ Àìkú” ló wà lára àpò yẹn ni, ìgbéraga mi kì bá tí ríbi dúró sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn yìí, tàbí tí ẹ ń rà á fún ẹni yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ìrìndọ̀, àárẹ̀ àti orí fífọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ oògùn ṣeé bá yí: ẹ sọ ọ́, wọ́n á bá yín wá ọ̀nà. Ṣùgbọ́n egbò ẹnu, ibà, ọ̀fun dídùn, ẹ̀jẹ̀ láti eyín tàbí imú, ojú tó pọ́n bí ìyeyè, èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá, ikọ́ gbígbẹ tó ń gba èémí, ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí à ń fi àgbo wò nílé. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, kí ẹ sì gbé àpò oògùn yín dání. Bí ibà bá dé, ẹ má ra Septrin tàbí Fansidar fúnra yín; bí ara bá ń ro yín, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ibuprofen tàbí diclofenac mì. Bí ẹ bá gbàgbé ti ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má dì í pọ̀ mọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ara yíyá mú yín sá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ kì í tètè pariwo.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí aláìsàn bá ní “ṣé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan ni?”, ẹ dúró, kí ẹ gbọ́. Ẹni tí oògùn wà lára rẹ̀ mọ ohun tí lẹ́tà kò mọ̀. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi béèrè, èmi ni mo ṣi wọ́n lọ́nà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti padà bọ̀ sípò, dókítà tún bẹ̀rẹ̀ oògùn náà fún wọn láti orí èyí tó kéré jù, torí oògùn kọ́ ló ṣẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í rán ẹnikẹ́ni lọ rà á mọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń lọ. Mo tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ kan. Ọmọ tó ń tajà da hóró sínú àpò, ó kọ nọ́ńbà sí i, ó nawọ́ rẹ̀ sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà á. Wọ́n fi ìka tọ́ ibi tó ṣófo lára àpò náà, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ wo?” Wọn ò mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀ títí ó fi kọ ọ́.