ARA PẸ̀LÚ, ÀMÁNÀ NI

Bí ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ apòògùn òyìnbó bá sọ pé ó rẹ òun, ṣé ọ̀lẹ ni, àbí olóòótọ́? Ìbéèrè yìí la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní Nàìjíríà, ọdún 5 tàbí 6 ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lò ní yunifásítì. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ fi ọdún 1 ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà apòògùn kí ó tó lè dá dúró. Ọ̀pọ̀ àgbà wọ̀nyí ló sì ti kọjá sí òkè òkun. Ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, orí àwọn tó kù ló já lé.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ tí èyí ń bí. Wọ́n ní kì í ṣe àrùn. Wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fà á. Àmì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: okun ẹni a tán, ọkàn ẹni a kúrò lára iṣẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kò sì ní í já fáfá mọ́. Èyí yàtọ̀ sí ìwà ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kò fẹ́ ṣe é. Ẹni tí àárẹ̀ mú fẹ́ ṣe é, okun ni kò sí.

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀san ńlá ń bẹ fún ẹni tó ń gba ẹ̀mí là, nítorí náà kí ọmọ fara dà á. Òótọ́ ni pé ẹ̀san wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo digoxin, oògùn àrùn ọkàn. Hóró rẹ̀ kan lè jẹ́ 0.25 mílígíráàmù. Bí ojú tó kún fún oorun bá ka iye náà sí 2.5, ó di ìlọ́po 10, ó sì lè pa aláìsàn. Ẹni tó fi àárẹ̀ pamọ́ kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ rántí Salman àti Abu Darda, sàhábé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Abu Darda a máa gbààwẹ̀ lọ́sàn-án, a sì máa dìde kírun lóru. Nígbà tí Salman lọ kí i, ó ní òun kò ní jẹun àfi bí ó bá bá òun jẹ. Nígbà tó di òru, ó ní kó sùn. Ìgbà tí òru ń lọ sópin ni àwọn méjèèjì jọ dìde kírun. Salman wá là á yé e pé Olúwa ní ẹ̀tọ́ lára ẹni, ara ẹni àti ará ilé ẹni náà sì ní tiwọn. Ànábì jẹ́rìí pé òdodo ló sọ. Bí ìjọsìn pàápàá bá ní ìwọ̀n, mélòó mélòó ni iṣẹ́ oṣù?

A kò ní kí ọ̀dọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó gbà á. Ìyẹn náà ń ba àmánà jẹ́. Kí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀, kí ó sì bẹ ẹlòmíràn kó bá òun tún oògùn náà yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọ̀gá, Ànábì kọ́ wa pé bí a bá di ẹrù wúwo lé ẹni abẹ́ wa, kí a bá a gbé e. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá tibi iṣẹ́ dé, ẹ má fi owó ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá ó sùn. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ ká pa ara wa lára níbi tí a ti ń wá ìwòsàn fún ẹlòmíràn. Àmín.